Wọ́n fẹ́ gé iṣan gìgísẹ̀ ọmọ mi tó ní cerebral palsy: ẹ bá mi dá sí i

Abíyamọ
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 6 lóṣù tó kọjá. Oṣù méje péré ló lò nínú mi kí ó tó dé, ó sì pẹ́ nínú àpótí tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí kò pé oṣù sí. Nígbà tó pé ọdún 2 tí kò tíì lè dá dúró ni wọ́n sọ fún wa pé cerebral palsy ni, ìṣòro láti inú ọpọlọ tó ń da bí ọmọ ṣe ń lo ara rẹ̀ rú, irú èyí tó máa ń mú ẹsẹ̀ méjèèjì le ju ọwọ́ lọ.

Ó ń rìn báyìí, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n títiro ló ń tiro. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Eékún rẹ̀ méjèèjì ń gbo ara wọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún á gba iwájú òsì kọjá bí àlùmọ́gàjí. Bàtà tí mo rà fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí iwájú rẹ̀ fi lu. Mo gbé e sókè, mo wo ìdí rẹ̀: iwájú ti jẹ tán, ẹ̀yìn ṣì ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á.

Dókítà tó rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kí òun gé iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ kí ó lè gùn sí i. Ó ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé lọ́jọ́ kejì a ó ti wà nílé. Bàbá rẹ̀ ní kí á tètè ṣe é. Ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Bàbá_Àrẹ̀mọ
Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ má tíì fọwọ́ síwèé kankan.

Ọmọ ọdún 4 ni ọmọkùnrin mi nígbà tí wọ́n gé iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo wa la yọ̀. Gìgísẹ̀ kanlẹ̀, a ya fọ́tò, a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Nígbà tó di ọmọ ọdún 8, ó bẹ̀rẹ̀ sí ga, eékún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ síwájú. Nígbà tó fi máa pé ọdún 10, ó ń rìn bí ẹni tó fẹ́ lóṣòó tí kò rí ààyè jókòó. Orúnkún ń dùn ún lálaalẹ́. Ọmọ tó ń rìn láti ilé dé ilé ìwé tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí mò ń pọ̀n.

Dókítà kejì tí a lọ bá ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní iṣan ẹ̀yìn ojúgun yẹn ló ń fa eegun ojúgun sẹ́yìn nígbà tí èèyàn bá dúró, òun ni kì í jẹ́ kí eékún tẹ̀. Wọ́n ti fà á gùn jù. Iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ kúrú, iwájú ìbàdí rẹ̀ náà kúrú, kò sẹ́ni tó wò wọ́n nígbà yẹn. Gìgísẹ̀ nìkan ni gbogbo wa ń wò, torí òun ló hàn sójú.

Físíò_Ọmọdé
Ẹ kú làálàá ọmọ, Màmá wa. Bàbá Àrẹ̀mọ, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín tí ẹ lè bi dókítà léèrè. Iṣan ńlá méjì ló wà lẹ́yìn ojúgun. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lókè eékún, ó gba ẹ̀yìn eékún kọjá. Èkejì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ eékún. Àwọn méjèèjì ló pàdé di okùn kan ṣoṣo tó so mọ́ gìgísẹ̀.

Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ ká eékún rẹ̀, kí ẹ rọra ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè. Ẹ wo ibi tó dé. Lẹ́yìn náà ẹ na eékún yẹn gbọọrọ, kí ẹ tún tì í. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá gòkè dáadáa nígbà tí eékún ká, tó wá kọ̀ nígbà tí eékún nà, a jẹ́ pé iṣan tó ti òkè eékún wá nìkan ló ń fà á. Ẹni tó bá wá gé okùn ìsàlẹ̀ ti dín agbára iṣan méjèèjì kù, èyí tó ṣẹ̀ àti èyí tí kò ṣẹ̀. Ọ̀nà wà láti tú iṣan òkè yẹn nìkan, láìfọwọ́ kan okùn gìgísẹ̀. Silfverskiöld, oníṣẹ́ abẹ ará Sweden kan, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àyẹ̀wò yìí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe é fún ọmọ yín.

Nǹkan kejì: iṣan tó ń le yàtọ̀ sí iṣan tó ti kúrú. Èyí tó ń le, bí ẹ bá rọra tì í, á gbà fún yín, bí ẹ bá ṣe é ní wàrà ni á kọ̀. Èyí tó ti kúrú, bí ẹ rọra tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní kọjá ibi tó dé. Tó bá jẹ́ líle ló pọ̀jù, abẹ́rẹ́ bótọ́ksì tó ń mú iṣan rọ̀ àti P.O.P., báńdéèjì tó ń gan mọ́ ẹsẹ̀, tí a ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbìyànjú, pẹ̀lú ike tí yóò máa wọ̀ sínú bàtà. Agbára abẹ́rẹ́ yẹn kì í ju bí oṣù 3 sí 6 lọ, ṣùgbọ́n ó lè bá wa ra àkókò.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà
Ìpele wo ni wọ́n fi ọmọ náà sí? Láti 1997 ni wọ́n ti ń lo òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní GMFCS láti fi mọ bí ọmọ tó ní cerebral palsy ṣe lè rìn tó, ìpele márùn-ún ni. Ìpele 1 ń rìn, ó ń sáré, kò di ohunkóhun mú. Ìpele 5 nílò kí wọ́n máa gbé e kiri. Láìmọ ìpele, ìmọ̀ràn wa á kàn máa fò lókè ni.

Abíyamọ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Kò sẹ́ni tó sọ ìpele kankan fún mi. Nínú ilé, ògiri ló ń dì mú. Tí a bá jáde, fírémù onírin tó ní táyà méjì níwájú ló ń tì. Tí ọ̀nà bá jìn, a máa gbé e.

Físíò_Ọmọdé, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó ká eékún rẹ̀ wò. Ó dúró, ó rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé orí tábìlì, ó parí.

Físíò_Ọmọdé
Ìpele 3 nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Mo sì fẹ́ béèrè: ṣé wọ́n ti ya ẹ́ksíreè ìbàdí rẹ̀ rí?

Abíyamọ
Rárá o. Kò sọ pé ìbàdí ń dun òun.

Dókítà_Eegun
Ẹ kú ìjíròrò. Oníṣẹ́ abẹ eegun ọmọdé ni mí. N kò lè wo ọmọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ohun tí mo bá sọ, ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìbàdí kúrò nílẹ̀ ná. Kì í dùn ún ní ìbẹ̀rẹ̀. Orí eegun itan á máa yọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsí ìró, láìsí ìrora, títí yóò fi di ọ̀ràn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, ìbàdí ti yẹ̀ lára nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy. Ní ìpele 1, kò sí rárá. Ní ìpele 3, ìdá 41. Ní ìpele 5, ìdá 90. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gba ara wọn kọjá bí àlùmọ́gàjí, kí ẹ tó sọ ti gìgísẹ̀, ẹ ya ẹ́ksíreè ìbàdí.

Ní ti gìgísẹ̀ wàyí. Ní 1861, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, William Little, dúró níwájú ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí, ó ṣàlàyé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn le nítorí pé wọn kò pé oṣù tàbí pé ìbí wọn nira. Ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ wọ́ láti kékeré. Ó lọ bá Stromeyer, oníṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, ní 1836, ìyẹn gé iṣan gìgísẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ náà sì tọ́. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ àwa oníṣẹ́ abẹ ti mọ́ gígé gìgísẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro Little kì í ṣe ti ọpọlọ. Ọmọ tí à ń sọ yìí, ọpọlọ rẹ̀ ni ọgbẹ́ wà. Ọgbẹ́ náà kì í tóbi sí i, ṣùgbọ́n ọmọ ń dàgbà: eegun ń gùn, iṣan tó ń le kò sì lè bá a gùn dọ́gba. Eegun itan tó yẹ kí ó tú ara rẹ̀ síta bí ọmọ ṣe ń rìn á wà ní yíyí sínú. Ìdí nìyẹn tí eékún fi ń gbo ara wọn. Gígé gìgísẹ̀ kò lè tú eegun itan.

Láyé àtijọ́, bí a bá gé gìgísẹ̀ lọ́dún yìí, eékún á hàn pé òun náà ṣẹ̀, a ó gé e lọ́dún tó ń bọ̀, ìbàdí á tún tẹ̀ lé e. Mercer Rang, oníṣẹ́ abẹ kan ní Kánádà, sọ pé ilé ìwòsàn ni àwọn ọmọ yìí ti ń ṣe ọjọ́ ìbí wọn. Èyí tí a ń ṣe báyìí ni pé a ó wo gbogbo ẹsẹ̀ láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a ó kọ gbogbo ohun tó ṣẹ̀ sílẹ̀, a ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo: a lè gé eegun itan kí a yí i síta, kí a fi irin dè é, kí a tú iṣan ẹ̀yìn itan, kí a ṣí ibi tí iṣan iwájú itan so mọ́ nípò kí eékún lè ká nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lókè, kí a mú àtẹ́lẹsẹ̀ tó wó dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń ṣe é fún wà láàárín ọdún 6 sí 12. Bí ọmọ bá ṣe kéré sí nígbà tí a gé iṣan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdàgbàsókè tó kù á ṣe lágbára tó láti da iṣẹ́ wa rú.

Ibi tí ohun èlò bá wà, a kì í fi ojú lásán wo ìrìn náà. Wọ́n á lẹ àwọn bọ́ọ̀lù wínníwínní tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà mọ́ ara ọmọ, kámẹ́rà á yí i ká, irin tó wà nínú ilẹ̀ á wọn agbára tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́, wáyà á gbọ́ ohun tí iṣan kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Mo ti rí ọmọ tí èmi pẹ̀lú ìrírí mi rò pé iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ kúrú, tí ẹ̀rọ fi hàn pé gígùn rẹ̀ pé, pé ìbàdí tó tẹ̀ ló ń tàn wá jẹ. Bí mo bá ti gé e ni, mo bà á jẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́_Ọmọdé
Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin dókítà. Kí ló dé tí ọ̀bẹ fi yá? Màmá, ẹ máa na ẹsẹ̀ ọmọ náà láàárọ̀ lálẹ́, ẹ fi òróró wọ́ ọ, ẹ forí tì í. Èmi ò gbà pé kí a gé eegun ọmọ ọdún 6.

Físíò_Ọmọdé
@Ọ̀rẹ́_Ọmọdé, inú rere ni ọ̀rọ̀ yín ti wá. Ká ní nínà nìkan tó ni, inú mi ìbá dùn jù lọ, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí kí ẹlòmíràn máa na ẹsẹ̀ ọmọ fún un kò fi èrè púpọ̀ hàn. Ó ń mú ara tù ú, kò lè yí eegun padà. Mo ti rí àwọn ìyá tó lo ọdún márùn-ún lórí nínà, tí wọ́n ń sunkún pé àwọn ò nà án tó. Wọ́n nà án tó. Ẹ má jẹ́ kí a gbé ẹ̀bi lé ìyá lórí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa ṣe nǹkan: kí ó máa gun àtẹ̀gùn, kí ó máa dìde láti orí àga láìdi nǹkan mú, kí ó wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyẹn á wúlò bí a ṣe iṣẹ́ abẹ, á wúlò bí a kò ṣe é.

Dókítà_Eegun
Mo fẹ́ fi kan kún un fún Ọ̀rẹ́_Ọmọdé. Ní 2011 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Melbourne. Ọmọ 19 ni. Wọ́n ṣẹ́ kèké, àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo sọ yìí, àwọn yòókù ṣe eré ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára. Lẹ́yìn ọdún kan, ìrìn àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ti dára gan-an, ti àwọn yòókù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ 19 kéré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣíṣẹ́ kèké fún iṣẹ́ abẹ ọmọdé kì í ṣe ohun tí òbí ń tètè gbà.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sẹ́ni tó máa dárúkọ iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ni? Èyí tí wọ́n ń pè ní rhizotomy. Kẹ́yìndé mi ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ya àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára ti ẹsẹ̀ bọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ń fi iná wínníwínní dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń mú ẹsẹ̀ ta kìjí kọjá bó ṣe yẹ ni wọ́n gé.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dì í mú lẹ́yìn rẹ̀, mo sunkún. Ẹsẹ̀ tó le bí igi láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n rọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Mo rò pé wọ́n ti pa ẹsẹ̀ ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé líle yẹn ló fi ń dúró tẹ́lẹ̀, pé nísàlẹ̀ rẹ̀ kò lágbára kankan. A bẹ̀rẹ̀ láti orí jíjókòó. Oṣù 8 gbáko ni kí ó tó padà síbi tó wà. Báyìí ó ti kọjá ibẹ̀ dáadáa.

Dókítà_Eegun
Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Warwick Peacock ló tún iṣẹ́ yẹn ṣe dé bí a ṣe mọ̀ ọ́n yìí ní Cape Town, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìjọba England gbà láti máa ṣe é fún àwọn ọmọ kan láti 2018: ọmọ ọdún 3 sí 9, ìpele 2 àti 3, tí ẹsẹ̀ wọn le ṣùgbọ́n tí wọ́n ní agbára lábẹ́ líle náà. Ohun tí a bá gé níbẹ̀ kò ṣeé so padà mọ́. Kò sì wà fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń lọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fa iṣan tó ti kúrú gùn, kò lè yí eegun. Àwọn kan ṣì ń padà wá sọ́dọ̀ wa fún eegun lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè Abíyamọ gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó ń ṣe rhizotomy yìí kí wọ́n tó fọwọ́ kan gìgísẹ̀, torí ọmọ náà wà ní ọjọ́ orí tí ilẹ̀kùn yẹn ṣì ṣí sílẹ̀.

Mo_Ń_Rìn
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi fúnra mi ni mo ní cerebral palsy. Ọmọ ọdún 10 ni mí nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, ibi 7 ni wọ́n fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti pé ọdún 24 báyìí.

Wọ́n sọ gbogbo nǹkan fún màmá mi, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi ju pé "wàá rìn dáadáa" lọ. Mo rò pé mo máa jí, mo máa rìn. Nígbà tí mo jí, P.O.P. wà láti itan dé ìka, iṣan ẹsẹ̀ ń ta kìjí nínú rẹ̀, mi ò sì lè na ọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ojú abẹ ló dùn mí jù, títa yẹn ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìrìn mi burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbà pé wọ́n ti bà mí jẹ́, mo sì kọ̀ láti bá dókítà náà sọ̀rọ̀. Ó tó oṣù 14 kí n tó dé ibi tó dáa.

Mo ṣì ń lo ọ̀pá kan. Mo ń dúró ní gbọọrọ, mo ń wo ojú èèyàn nígbà tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ dípò kí n máa wo ilẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, mà á ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ náà ní ohun tí òun fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun lè ṣe.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Kúkúrú ni tèmi. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá dé: ẹ béèrè fún oògùn tó ń dá títa iṣan dúró lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ìrora. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á fi oògùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ máa wo ìka ẹsẹ̀ tó yọ lẹ́nu P.O.P.: tó bá tutù tàbí tó ṣú, ẹ má dúró di àárọ̀. Tí ọmọ bá ń sọ pé gìgísẹ̀ ń jó òun nínú P.O.P., ẹ gbà á gbọ́, egbò lè ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì ti mọ ẹni tí yóò máa ṣe físíò fún un lẹ́yìn náà kí ẹ tó gba déètì. Iṣẹ́ abẹ láìsí físíò, ẹ má ṣe é rárá.

Abíyamọ
Ẹ̀yin ará ilé, mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A lọ bá dókítà mìíràn. Kí n tó béèrè, ó ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ká eékún rẹ̀, ó ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀: ó gòkè wẹ́rẹ́. Ó na eékún, ó tún tì í: ó dúró gbọnin. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, mo ti fi ọ̀rọ̀ Físíò_Ọmọdé hàn án, ó kàn di ọwọ́ mi mú ni.

Ẹ́ksíreè fi hàn pé ìbàdí òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, ìdá 28 nínú 100 ló ti jáde. Wọ́n ní kò tíì tó ohun tí a ń gé, ṣùgbọ́n wọn á máa yà á lóṣù mẹ́fàmẹ́fà. Wọ́n máa fún un ní abẹ́rẹ́ bótọ́ksì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú P.O.P. ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ á rí i lóṣù kejì. Ti eegun itan, wọ́n ní ká fún un láyè dàgbà díẹ̀ sí i, kí wọ́n tó wọn ìrìn rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà.

Mo bi ọmọ mi gẹ́gẹ́ bí Mo_Ń_Rìn ṣe wí. Ó ní òun fẹ́ kí òun lè gbé ife omi láti ìdí tábìlì lọ fún bàbá òun láìdà á nù. Mi ò ronú kan ife omi rí. Ó wá béèrè pé, "Màmá, ṣé abẹ́rẹ́ yẹn á dùn mí?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Kí ni kí n sọ fún un?

Mo_Ń_Rìn
Màmá, ẹ sọ fún un pé á dùn ún, pé kì í pẹ́. Ẹ sọ fún un pé tó bá fẹ́ pariwo kó pariwo. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi ìpara akunni sí i lójú ara kí wọ́n tó gún un, tàbí kí wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ara balẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ẹsẹ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ gún. Ó sì lè yan àwọ̀ P.O.P., oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà báyìí. Mo yan àwọ̀ ewé nígbà tèmi.

Abíyamọ
Ó ní pupa lòun fẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ gún.